Báwo Ni Ẹ̀rọ Ṣe Ń Mọ Àtúntẹ̀ Chip Tó Wà Nínú Rẹ̀?

Ní oṣù keje ọdún 2022, ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Zhen Hua 28 gúnlẹ̀ sí èbúté omi jíjìn Lẹ́kkí, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Kírénì ló kó wá: mẹ́ta nínú àwọn òmìrán tí ń dúró létí omi láti já kọ̀ǹténà kúrò nínú ọkọ̀, àti mẹ́wàá nínú àwọn onítáyà tí ń to kọ̀ǹténà sí àgbàlá. Ètò ìpele àkọ́kọ́ èbúté náà ni kí ti etí omi jẹ́ márùn-ún, kí onítáyà sì jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn dé. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí èbúté náà ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní ọdún 2023, iṣẹ́ òwò sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún kan náà.

Ẹni tó bá wo kírénì láti òkèèrè, irin ni yóò rí. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ báyìí kún fún kọ̀ǹpútà kéékèèké: èyí tó ń wọn bí ẹrù ṣe wúwo tó, èyí tó ń ka bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, èyí tó ń ṣàkóso iná tó ń wọ inú mọ́tò, èyí tó ń bá ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹténà tútù tí wọ́n fi ń kó ẹja àti oògùn náà ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó ń ṣọ́ òtútù. Wọ́n rì wọ́n mọ́ inú ẹ̀rọ ni. Kò sí kíbọ́ọ̀dù lára wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní ojú tí a lè wò. Ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún ni a fẹ́ kí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀dù tó gbé wọn á sì máa bàjẹ́ láàárín àkókò náà, pàápàá níbi tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ti ń jẹ irin lójoojúmọ́.

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe yóò bá pàdé bó pẹ́ bó yá. Bọ́ọ̀dù kan jóná. Wọ́n ra òmíràn. Orúkọ tó wà lára chip orí bọ́ọ̀dù tuntun kò yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dín, kò lé. Wọ́n yọ káàdì ìrántí tó ní ètò nínú láti ara bọ́ọ̀dù tó jóná, wọ́n fi í sínú tuntun. Àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe chip náà ti tún inú rẹ̀ ṣe láàárín ìgbà tí wọ́n ṣe ti àkọ́kọ́ àti ìgbà tí wọ́n ṣe èyí. Ibì kan tó ń ṣe gbòdì tẹ́lẹ̀ ti tọ́. Ibòmíràn tó tọ́ tẹ́lẹ̀ lè ti yí ìwà padà. Ètò ò sì lójú tó lè fi wò ó. Báwo ló ṣe máa mọ̀?

Mo ní láti fún nǹkan mẹ́ta lórúkọ kí n tó dáhùn. Ní àárín gbùngbùn ètò inú kọ̀ǹpútà ni apá kan wà tó ń pín ìrántí, àkókò àti agbára ẹ̀rọ fún àwọn ètò yòókù. Kernel ni wọ́n ń pè é lágbàáyé. Ekùrọ́ ni màá máa pè é. Nínú ekùrọ́ ni àwọn ètò kéékèèké wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ bí a ti ń bá ẹ̀yà ara kan nínú ẹ̀rọ lò: ọ̀kan fún káàdì ìrántí, ọ̀kan fún mọ́tò, ọ̀kan fún rédíò. Adarí ni mo pe ìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ojúlé, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní register: àyè kékeré nínú chip tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí adarí lè lọ láti ka nǹkan tàbí kọ nǹkan sí. Adarí kọ nọ́ńbà kan sí ojúlé kan, mọ́tò yí; ó ka òmíràn, ó mọ bí ibẹ̀ ṣe gbóná tó. Àpẹẹrẹ mi yóò pọ̀ láti inú Linux, ekùrọ́ tí Linus Torvalds kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1991, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i kà, ó sì wà nínú àìlóǹkà kọ̀ǹpútà tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀rọ káàkiri ayé.

Títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ chip, ìpele lórí ìpele, sórí pẹlẹbẹ silikọ́nì. Wọ́n á ya àwòrán ìpele kọ̀ọ̀kan sára gíláàsì, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ gba inú gíláàsì náà, àwòrán á sì hàn ní kékeré lórí silikọ́nì. Àwọn ìpele ìsàlẹ̀ ló ń di tiransísítọ̀, àwọn ohun tíntìntín tí ń ṣí tí ń tì fún iná. Àwọn ìpele òkè jẹ́ wáyà irin tó so tiransísítọ̀ kan mọ́ èkejì. Gíláàsì wọ̀nyí wọ́n gan-an: fún àwọn chip ìgbàlódé tí àwòrán inú wọn tín-ín-rín jù lọ, odidi àkójọ kan lè gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là.

Nígbà tí chip àkọ́kọ́ bá dé láti ibi ìtẹ̀, àwọn tó yàwòrán rẹ̀ yóò dán an wò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, wọn yóò sì rí àbùkù. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe òótọ́ fún oníbàárà rẹ̀ máa ń tẹ ìwé kan jáde tó to àbùkù chip rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó kan àtúntẹ̀ wo, àti ohun tí ètò lè ṣe sí i. Àbùkù tí wáyà lásán lè wò sàn ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí gíláàsì ìpele kan tàbí méjì péré ni wọ́n máa tún yà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fọ́n àwọn tiransísítọ̀ aláìníṣẹ́ káàkiri inú chip láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wáyà tuntun lè rí nǹkan dì mú lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé. Bí àbùkù bá jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo gíláàsì ni wọn yóò tún yà. Nínú àṣà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, chip àkọ́kọ́ ń jẹ́ A0. Bí wọ́n bá tún wáyà nìkan ṣe, ó di A1. Bí wọ́n bá tún gbogbo rẹ̀ yà, ó di B0. Ohun tí mò ń pè ní àtúntẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wo ara kọ̀ǹténà kan ní àgbàlá Lẹ́kkí. Lẹ́tà mẹ́rin wà lára rẹ̀ tó ń tọ́ka sí ẹni tó ni ín, nọ́ńbà mẹ́fà tẹ̀ lé e, nọ́ńbà kan ṣoṣo sì wà lẹ́yìn wọn tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣi àwọn yòókù kọ. Àmì irú tún wà níbẹ̀: 22G1 jẹ́ kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 20 lásán, 45R1 jẹ́ ti ẹsẹ̀ bàtà 40, ó ga, ó sì ń tutù. Ẹni tó bá rí 45R1 mọ̀ pé ibi tí iná wà ló yẹ kí òun gbé e sí. Ṣùgbọ́n 45R1 méjì lè yàtọ̀ síra. Àwo irin kékeré kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ara kọ̀ǹténà, tó ń sọ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, ìwọ̀n tí òun àti ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá, àti bí ohun tí a lè tò lé e lórí ṣe lè wúwo tó. Chip náà ní àmì irú, ó sì ní àwo tirẹ̀. Àmì irú ń sọ ohun tó jẹ́. Àwo ń sọ àtúntẹ̀ rẹ̀. Adarí tó bá ka àmì irú nìkan kò tíì mọ ìwọ̀n tí nǹkan náà lè gbé.

Àwo ti chip kì í ṣe ohun tí a fi yíǹkì kọ. Nọ́ńbà ni, ojúlé kan tí kò ṣeé kọ nǹkan sí ló sì ń gbé. Bíìtì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáyà tí wọ́n so mọ́ iná kó lè jẹ́ 1 títí láé, tàbí mọ́ ilẹ̀ kó lè jẹ́ 0 títí láé. Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń wú mi lórí. Ká ní àtúnṣe kan ìpele wáyà kẹta nìkan, tí wáyà nọ́ńbà àtúntẹ̀ sì wà ní ìpele kárùn-ún. Wọ́n ní láti sanwó gíláàsì ìpele kárùn-ún nítorí nọ́ńbà lásán. Bí wọ́n bá sì ṣahun, chip tuntun yóò máa jẹ́ orúkọ àtijọ́. Kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀, wọ́n lè fa wáyà bíìtì kọ̀ọ̀kan gba inú gbogbo ìpele láti ìsàlẹ̀ dókè, lọ́nà tí ìpele èyíkéyìí fi lè yí 0 padà sí 1. Ìpele tí àtúnṣe bá kàn ni yóò yí nọ́ńbà náà pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká ka ọ̀kan. Nínú àwọn ọpọlọ ẹ̀rọ, ìyẹn CPU, tí ilé iṣẹ́ Arm ń yàwòrán wọn, ojúlé kan wà tó ń jẹ́ MIDR. Lórí Raspberry Pi 3, bọ́ọ̀dù kékeré tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ohun tó wà níbẹ̀ ni 410FD034. 41 tó ṣáájú dúró fún Arm fúnra rẹ̀, ẹni tó yàwòrán. 0 tó tẹ̀ lé e jẹ́ àtúntẹ̀ ńlá. F ń sọ fún ètò pé kó lọ wo àwọn ojúlé mìíràn láti mọ irú àṣẹ tí ọpọlọ náà gbọ́. D03 ni àmì irú, Cortex-A53. 4 tó kẹ́yìn jẹ́ àtúntẹ̀ kékeré. Nínú ìwé Arm, r0p4 ni wọn yóò kọ ọ́. Bí ekùrọ́ bá ṣe ń jí ló ti ń ka ojúlé yìí. Bí ọpọlọ bá ju ẹyọ kan lọ nínú chip, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń ka tirẹ̀, nítorí pé chip wà tí ọpọlọ inú rẹ̀ kì í ṣe irú kan: RK3399 ti Rockchip ní Cortex-A72 méjì àti Cortex-A53 mẹ́rin, àbùkù ti ọ̀kan kì í sì í ṣe ti èkejì.

Lẹ́yìn náà ni ekùrọ́ yóò ṣí àkọsílẹ̀ àbùkù tirẹ̀, tó ń sọ pé irú báyìí, láti àtúntẹ̀ báyìí dé àtúntẹ̀ báyìí, ohun báyìí ni kí o ṣe. Cortex-A53 ní àbùkù kan tí Arm fún ní nọ́ńbà 843419. Ojú ewé ojú ewé ni ètò máa ń wà nínú ìrántí, báìtì 4,096 ní ojú ewé kan. Àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ ADRP, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣírò ibi tí nǹkan kan wà nínú ìrántí. Bí àṣẹ yìí bá bọ́ sí àyè méjì tó kẹ́yìn ojú ewé, tí irú àwọn àṣẹ kan sì tẹ̀ lé e, ọpọlọ lè ṣi ibẹ̀ ṣírò. Ètò á lọ kọ nǹkan sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè má kú lójú ẹsẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó dojú rú. Ẹni tó ń wá ìdí rẹ̀ lè ka ètò tó kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó má rí nǹkan kan, torí pé ètò náà tọ́. Mi ò mọ irú àìsàn ẹ̀rọ tó ń dá ènìyàn lágara ju èyí lọ.

Ètò kò lè tún wáyà ṣe, nítorí náà ọ̀nà ẹ̀bùrú ni yóò gbà. Nígbà tí Linux bá ń gbé adarí kan wọlé, ó ń wo àyè méjì tó kẹ́yìn ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bá ADRP níbẹ̀, á fi àṣẹ mìíràn tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà rọ́pò rẹ̀. Bí ìyẹn kò bá ṣeé ṣe, á gbé iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn tí kò léwu, á sì fi ìtọ́sọ́nà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń gba àkókò, ó ń gba àyè. Chip tí ara rẹ̀ dá kò yẹ kó máa san owó ìtọ́jú àìsàn tí kò ṣe é, ìdí sì nìyẹn tí nọ́ńbà àtúntẹ̀ fi gbọ́dọ̀ péye tó bẹ́ẹ̀.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti díjú. R0p4 lè wà tí àbùkù 843419 ṣì ń bẹ nínú rẹ̀. R0p4 mìíràn lè wà tí wọ́n ti wò ó sàn. 410FD034 ni àwọn méjèèjì yóò dá ekùrọ́ lóhùn. Arm ti ronú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ya ojúlé kejì sọ́tọ̀ tó ń jẹ́ REVIDR, tí bíìtì inú rẹ̀ lè dúró fún àbùkù kan tí wọ́n ti tún ṣe láìyí nọ́ńbà inú MIDR padà. Bí bíìtì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 8 bá jẹ́ 1 lórí r0p4, Linux á mọ̀ pé 843419 ti kúrò, á sì fi chip náà lọ́rùn sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì rọrùn láti fojú inú wò. Raspberry Pi 4 jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2019, BCM2711 sì ni chip rẹ̀. Apá kan nínú chip náà ń bá káàdì ìrántí sọ̀rọ̀, ó sì lè gbé ohun tó bá kà lọ sínú RAM (ìrántí tí ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́) fúnra rẹ̀ láìyọ ọpọlọ lẹ́nu. Nínú àtúntẹ̀ B0, ọwọ́ apá yìí kò tó ibi tó kọjá gígábáìtì àkọ́kọ́ nínú RAM, bí bọ́ọ̀dù náà tilẹ̀ ní gígábáìtì mẹ́rin. Gígábáìtì àkọ́kọ́ ni ekùrọ́ ń jẹ́ kó kó ẹrù rẹ̀ sí, lẹ́yìn náà ni ọpọlọ á wá kó o lọ síbi tí wọ́n ti nílò rẹ̀. Àtúntẹ̀ C0 mú ìdíwọ́ yẹn kúrò. Òun ló wà nínú Raspberry Pi 400 tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020.

Ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá ṣì wọ́n mú. Bí ekùrọ́ bá pe C0 ní B0, iṣẹ́ á falẹ̀ díẹ̀, kò sí ohun tó máa bàjẹ́. Bí ó bá pe B0 ní C0, ohun tí a kà láti inú káàdì lè bọ́ sí àyè ẹlòmíràn, kí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì run. Ewu méjèèjì kò dọ́gba rárá. Lójú tèmi, adarí tí kò bá dá àtúntẹ̀ mọ̀ gbọ́dọ̀ kà á sí èyí tí àbùkù rẹ̀ pọ̀ jù, títí ẹ̀rí mìíràn yóò fi dé. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ìfàsẹ́yìn ni. Lórí ẹ̀rọ tó gbé irin tọ́ọ̀nù púpọ̀ sókè lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, mo fara mọ́ ìfàsẹ́yìn yẹn.

Ẹ lè wá bi mí pé kí ló dé tí adarí káàdì kò fi béèrè lọ́wọ́ apá tirẹ̀ tààrà. Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ léwu nígbà mìíràn. Kí iná má baà ṣòfò, irú àwọn chip yìí máa ń dá aago apá tí kò bá ṣiṣẹ́ dúró, àní wọ́n lè pa iná ibẹ̀ pátápátá. Bí adarí bá lọ ka ojúlé kan níbi tí aago kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ìdáhùn kò ní í wá. Lórí ọ̀pọ̀ chip, ọpọlọ á dúró gbagidi, á máa retí ohun tí kò ní í dé, àfi kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà kí wọ́n tún un tàn. Lórí Raspberry Pi 4, ètò kékeré tó ń jí ṣáájú ekùrọ́ ló máa ń ṣe ìwádìí yẹn. Ó mọ àtúntẹ̀ chip, á tún ìlà kan kọ nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀yà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní device tree, á sì fà á lé ekùrọ́ lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ yìí ló ń sọ ohun gbogbo tó wà lórí bọ́ọ̀dù àti ibi tí ojúlé ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Adarí káàdì kò tilẹ̀ mọ̀ pé B0 tàbí C0 wà láyé. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé nìkan ló rí kà. Ọ̀nà yìí wù mí jù lọ nínú gbogbo wọn, nítorí pé ìmọ̀ àtúntẹ̀ wà níbì kan ṣoṣo, kò fọ́n ká inú adarí púpọ̀.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìdánimọ̀ pàápàá lè ní àbùkù. Ilé iṣẹ́ Freescale ṣe chip kan tó ń jẹ́ T4240. Apá tó ń bójú tó káàdì ìrántí nínú rẹ̀ ní nọ́ńbà ẹ̀dà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ní àtúntẹ̀ 1.0 àti 2.0, nọ́ńbà náà kò tọ́. Adarí gbà á gbọ́, gbígbé dátà sì dàrú. Ní ọdún 2016 ni wọ́n tún un ṣe nínú Linux: adarí kò gbára lé ẹ̀rí apá náà mọ́, odidi chip ló ń bi léèrè. Bí ó bá gbọ́ pé T4240 àtúntẹ̀ 1.0 tàbí 2.0 ni, á pa ohun tí apá náà sọ tì, á sì lo nọ́ńbà tó tọ́ tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn wà lára ohun tó mú kí Linux ní ìbéèrè kan tí adarí èyíkéyìí lè lò, soc_device_match, láti mọ̀ bóyá orí chip kan pàtó, ní àtúntẹ̀ kan pàtó, ni òun wà.

Ọ̀nà mìíràn ni pé kí a má béèrè orúkọ rárá, kí a dán ìwà wò. Ní ọdún 1994, Thomas Nicely, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Lynchburg College ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí pé Pentium ti Intel ń ṣi ìpín ṣe. Tábìlì kan tí chip náà fi ń ṣe ìpín ní àyè 1,066 tó yẹ kí nǹkan wà, márùn-ún sì ṣófo. Bí a bá fi 3,145,727 pín 4,195,835, ohun tó yẹ ká rí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1.3338, àmọ́ chip tó lábùkù mú 1.3337 jáde. Rírọ́pò àwọn chip náà mú kí Intel ya mílíọ̀nù 475 dọ́là sọ́tọ̀. Linux kò bá Pentium jà lórí àtúntẹ̀: ìpín yẹn gan-an ló fún un ṣe nígbà tí ó bá ń jí, ó sì wo èsì. Bí gbogbo àbùkù bá rọrùn láti dán wò báyìí, a kì bá tí nílò nọ́ńbà àtúntẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa dán 843419 wò, èyí tó ń fara hàn nígbà tí àṣẹ mélòó kan bá pàdé ní ibì kan pàtó nínú ojú ewé?

Àwọn tó ń tún bọ́ọ̀dù ṣe ní Èkó ti bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé láìmọ orúkọ rẹ̀. Wáyà USB tí wọ́n fi ń gbọ́ ohun tí bọ́ọ̀dù ń sọ nígbà tó ń jí sábà máa ń ní chip PL2303 nínú. Prolific, tó ṣe é, ti tẹ̀ ẹ́ ní oríṣiríṣi láti ọdún pípẹ́; adarí wọn lórí Windows kò gba PL2303HXA mọ́, ó ń sọ fún ẹni tó bá fi í sínú kọ̀ǹpútà pé wọ́n ti pa irú náà tì láti ọdún 2012. Adarí ti Linux ń wo ohun tí chip náà sọ nípa ara rẹ̀ nígbà tí a bá fi í sínú USB, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀, bí ìdì dátà rẹ̀ ṣe tóbi tó. Fún àwọn irú kan, á bi í ní ìbéèrè kan tí irú mìíràn kò ní í dáhùn, á sì fi ìdáhùn tàbí ìdákẹ́ mọ èyí tó jẹ́. Bákan náà ni fún ẹni tó fẹ́ wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ létí òkun. BME280 ti Bosch lè wọn ọ̀rinrin. BMP280 tó jọ ọ́ lójú kò lè wọn ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá ta ọ̀kan fún dípò èkejì lè má mọ̀ títí yóò fi ka ojúlé D0: 60 ni ti BME280, 58 ni ti BMP280.

Ó ku ibì kan tí nọ́ńbà àtúntẹ̀ kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ekùrọ́ tí wọ́n kọ ní ọdún 2015 kò lè mọ ohun tó yí padà nínú chip tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2020. Á ka nọ́ńbà náà dáadáa, á lọ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, kò ní í bá a níbẹ̀. Ohun tó máa ṣe lẹ́yìn náà wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ìlà àkọsílẹ̀ yẹn. Bí onítọ̀hún bá kọ pé àbùkù kan gbogbo àtúntẹ̀, chip tuntun tó ti sàn yóò máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lásán. Bí ó bá kọ pé títí dé àtúntẹ̀ 4 nìkan, tí 5 sì jáde pẹ̀lú àbùkù kan náà, kò sẹ́ni tó máa dáàbò bò ó. Àwọn tó ń kọ ekùrọ́ máa ń jiyàn lórí irú ìlà báyìí, wọ́n sì jàre, torí ẹ̀rọ tí wọn kò ní í fojú rí láé ni wọ́n ń pinnu fún.

Ìdí rèé tí mo fi rò pé ẹni tó bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, yálà ní àgbàlá kírénì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ajah, yẹ kó kọ àtúntẹ̀ ti àtijọ́ àti ti tuntun sílẹ̀ bó ti ń kọ ọjọ́ tó ṣe iṣẹ́ náà. Bí bọ́ọ̀dù àtijọ́ kò bá lè tàn mọ́, ó lè rí i nínú ìwé iṣẹ́ tàbí lára àmì tí wọ́n tẹ̀ sórí chip. Lórí bọ́ọ̀dù tó ń lo Linux, ṣíṣí /proc/cpuinfo yóò fi àmì irú ọpọlọ àti àtúntẹ̀ rẹ̀ hàn, ní ìlà CPU part, CPU variant àti CPU revision. Lórí ọ̀pọ̀ chip, /sys/devices/soc0/revision yóò fi ti odidi chip hàn. Ohun tí ekùrọ́ sọ nígbà tó ń jí, tí àṣẹ dmesg lè gbé jáde, yóò tún dárúkọ àwọn àbùkù tó rí àti èyí tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú fún. Bí àtúntẹ̀ méjèèjì bá yàtọ̀, kí ó ṣí ìwé àbùkù tí ilé iṣẹ́ chip tẹ̀ jáde, kí ó ka ohun tó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì, kí ó sì wo bóyá ekùrọ́ tó wà nínú ẹ̀rọ náà mọ̀ nípa rẹ̀. Bí kò bá mọ̀, ekùrọ́ tuntun ni kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kí ó tó dá a padà sẹ́nu iṣẹ́.